Ilé Àwọn Olúwa ní Àgbàlá Alájà

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti Sàfúrátù ìyàwó mi lò kẹ́yìn pọ̀, ẹ̀gúsí ló ń bó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbé àtẹ lé itan, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú nítorí orúnkún tó ń dùn ún, rédíò sì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń ka ìròyìn pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún ti ní olórí ìjọba tuntun. Ó ní, "Òmíràn tún ni? Àwọn èèyàn yìí ń pààrọ̀ olórí bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì." Mo dá a lóhùn láti inú ilé pé kí ó fọkàn balẹ̀, Ilé àwọn Olúwa kò ní jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí èèpo ẹ̀gúsí fi dà sílẹ̀, ó sì ní èmi ni n ó wá gbá a. Mo gbá a. Lẹ́yìn ìrun àílà, ó ní òun fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí àlásárì tó tó. Kò dìde mọ́.

N kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọjọ́ náà. Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Èèyàn méjì péré ló ṣẹ́ kù tó mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, nísinsìnyí ó ku ẹnì kan. Àwọn ọmọ wa mọ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń fi ṣeré nígbà tí wọ́n wà nílé, ṣùgbọ́n wọn kò mọ àgbàlá tó ti jáde, wọn kò sì gbọ́ ohùn ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, tó rò pé òun mọ Gẹ̀ẹ́sì ju gbogbo Ìjẹmọ̀ lọ.

Ìjẹmọ̀, nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ni agbolé wa wà. Abọ́ tánganran onírin la fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ níbẹ̀. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alájà, ló ń tà á ní ọjà Ìtòkú, àwọn ará Owódé àti Òṣíẹ̀lẹ̀ sì máa ń wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyàwó tuntun. Inú àpótí ni abọ́ náà ti ń dé láti Èkó, koríko gbígbẹ ni wọ́n fi ń dì í, àwa ọmọdé la sì ń fọ̀ ọ́. Bí a bá ti kírun àsùbá tán, a ó jókòó yí kànga ká pẹ̀lú ọṣẹ àti kànrìnkàn, ìró rẹ̀ á gba àgbàlá kan, gbàǹgàn, gbàǹgàn, títí tí a ó fi tò wọ́n sí ara ògiri láti gbẹ. Nígbà tí oòrùn bá ràn sí wọn, ojú kò ṣeé gbé síbẹ̀. Èyí tó bá ti ṣẹ́ lẹ́nu kò ṣeé tà, òun la fi ń jẹun. Nínú ilé tí wọ́n ti ń ta abọ́ káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kò sí ẹni tó jẹ láfún nínú abọ́ tí kò lábùkù. Tèmi ní òdòdó pupa kan ní ìdí àti àpá dúdú mẹ́ta létí. Mo ṣì lè fi ìka tọ àpá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ọkàn mi.

Alájà ló ni òfin ilé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ìyàwó tó bá se ọbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pín ẹran, ìyàwó tó tẹ̀ lé e ló ń pín in. Ọmọ tó bá fọ́ nǹkan tó sì wá sọ fúnra rẹ̀ kì í jẹ ẹgba, èyí tí ẹlòmíràn bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn á jẹ ẹ́. Òfin náà pọ̀, kò sì síbi tí ó kọ ọ́ sí, nítorí Alájà kò mọ ìwé kọ. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè ní òun kò mọ̀. Bàbá mi tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ńlá kan ní Èkó, tó ń fi rélùwéè wálé sí Láfẹ́nwá ní ọ̀sán Sátidé tó sì ń padà ní ìdájí Mọ́ńdè, á ti bọ́ bàtà rẹ̀ kí ó tó dé ibi kànga, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gbọ́ rí kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kí ó bọ́ ọ.

Ọmọ Òṣíẹ̀lẹ̀ ni ìyá mi. Tísà ni, Tísà náà ni agbolé ń pè é, àyàfi Alájà tó ń pè é ní Ìyàwó. Ó fẹ́ wọ yunifásítì. Ó ti ń kàwé nílé fún ìdánwò GCE gíga, ó sì ti yege nínú ẹ̀kọ́ méjì nínú mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, tó jẹ mọ́ ètò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Kọnsitúṣọ̀n, ni kò tíì yege. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti já kulẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ìwé pélébé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì: àwọn ọba wọn, àwọn ìgbìmọ̀ wọn, bí wọ́n ṣe ń dìbò, ìdí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi kúrò lábẹ́ wọn. Ọdún tí mo ń sọ yìí ni yóò jókòó fún un nígbà kẹta. Alájà ti bá bàbá mi sọ ọ́ kedere pé tí Ìyàwó bá tún já kulẹ̀, kí ó ti ìwé sápò, kí ó wá bá òun ní ṣọ́ọ̀bù, kí òun náà sinmi. Bàbá mi ti gbà. Ìyá mi náà gbà, nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè sọ.

Ọ̀nà tó fi ń kàwé yàtọ̀. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, òun á dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà á tún un sọ ní Yorùbá. Ó ní ohun tí òun kò bá lè sọ ní Yorùbá, òun kò tíì mọ̀ ọ́n. Èmi ló yàn kí n di ìwé mú, kí n máa wò ó bóyá ìdáhùn pé. Ẹni tó yàn láti béèrè ni Sàfú, ọmọ télọ̀ agbolé kejì, tí a jọ wà ní kíláàsì karùn-ún, nítorí ohùn rẹ̀ ń borí ariwo abọ́. Ojoojúmọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé ni Sàfú ń wá. Á dúró lórí ìdí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, á di ọwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá ilé-ìwé wa, á ké ìbéèrè jáde bí ẹni ń kéde pé ọmọ sọnù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò tú ọjà ká ní Ìtòkú, Alájà sì tètè dé. Ìyá mi wà ní ilé ìdáná, ó ń ro láfún. Sàfú ṣì wà lórí odó.

"Sàfú, kí lẹ ń fi gbogbo ọ̀sán jẹ lẹ́nu yìí?"

"Ẹ kú àbọ̀, Alájà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni."

"Kí ló ṣe ìjọba Gẹ̀ẹ́sì?"

"Ilé méjì ni wọ́n fi ń ṣòfin, Alájà. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn èèyàn lásán. Èkejì ni Ilé àwọn Olúwa."

Kí ẹ má bínú sí i. Ilé-ìwé àwọn ìjọ ni a ń lọ, àti ọmọ mùsùlùmí àti ọmọ kìrìsìtẹ́nì, gbogbo wa la sì ń dijú láràárọ̀ nígbà tí ọ̀gá bá ń gbàdúrà ní Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́ọ̀dù, Lọ́ọ̀dù ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún wa pé Olúwa ni. Sàfú kò mọ Lọ́ọ̀dù mìíràn.

Alájà rọra sọ̀ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. "Ilé àwọn ta?"

"Àwọn Olúwa."

"Olúwa mélòó?"

Sàfú yọjú wo ìwé ọwọ́ mi. "Wọ́n pọ̀ o, Alájà. Wọ́n ní tí gbogbo wọn bá wá lọ́jọ́ kan, wọn ò ní rí àyè jókòó."

"Ní Lọ́ńdọ̀nù?"

"Ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan jogún un ni. Tí bàbá bá kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àkọ́kọ́ á di Olúwa."

"Bàbá Olúwa á kú!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó kù, ọbabìnrin ló ń fi wọ́n jẹ ẹ́."

Abọ́ kan tó ti ń yọ jáde nínú ẹrù bọ́ lọ́wọ́ Alájà, ó yí gbirigbiri lọ sí ìdí kànga. "Àsìtàgàfúrúláì! Ìyàwó! Ìyàwó o!"

Ìyá mi sáré jáde pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́, láfún ń kán sílẹ̀ ní ẹnu rẹ̀. Alájà na ọwọ́ sí ìwé tí mo dì mú. "Ohun tí o ń kà nìyí? Nínú ilé tí mo ti ń kírun? Tí o tún ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

"Alájà, ẹ dákun, kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ ti kà á fún mi. Gàní, ìwọ ni ìwé wà lọ́wọ́ rẹ. Ó wà níbẹ̀ àbí kò sí níbẹ̀?"

Mo wo ìwé. Lọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ síbẹ̀, gàdàgbà, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Mo wo ojú ìyá mi. Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Alájà."

Ìgbà yẹn ni ohun tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rín gbé ìyá mi. Ó kúnlẹ̀, ó fi eyín tẹ ètè, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Alájà ní, "Ó ń rín mi!" Ìyá mi ní, "N kò rín yín, Alájà," ẹ̀rín náà sì bú jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà. Kí màgàríbì tó dé, gbogbo ìwé Kọnsitúṣọ̀n ti kúrò ní agbolé ní àṣẹ Alájà. Ìyá mi fi gèlè dì wọ́n, ó gbé wọn lọ sí ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni, ó tì wọ́n mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Oṣù méjì ló kù sí ìdánwò.

Bí mo ti dàgbà yìí, mo mọ̀ pé ìyá mi lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí gbogbo rẹ̀ yanjú. Kò sọ ọ́, nítorí ẹni tí a bá ń bá wí kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, òfin ilé nìyẹn náà. Sàfú kò mọ èyí. Ó rò pé òun ti ba ayé Tísà jẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi báni ṣeré. Ó bi bàbá rẹ̀ ní ìtumọ̀ Lọ́ọ̀dù, bàbá rẹ̀ mú abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, ó ní, "Lọ́ọ̀dù ni Lọ́ọ̀dù." Níkẹyìn ó lọ bá ìyá mi ní kíláàsì rẹ̀, èmi náà tẹ̀ lé e.

Ìyá mi ní, "Olóyè ni mo máa ń pè é."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún Alájà, mà?"

"Kò tíì bi mí ni."

Bí a ti jáde, Sàfú di ọwọ́ mi mú. "Ìwọ lo ní ó wà níbẹ̀. A jọ ń lọ ni."

Oníbàárà méjì láti Owódé wà lọ́dọ̀ Alájà nígbà tí a dé Ìtòkú, wọ́n ń fi ìka kan abọ́ láti gbọ́ bóyá ó le. Sàfú kúnlẹ̀ sáàárín wọn láìwo ojú ẹnikẹ́ni. "Alájà, mo wá tọrọ àforíjì. Mo ṣi ọ̀rọ̀ pè. Kì í ṣe Olúwa. Olóyè ni."

"Ta ló rán ọ wá?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

Ọ̀kan nínú àwọn ará Owódé bú sẹ́rìn-ín. "Alájà, ọmọ yìí á fi ẹ̀rín pa yín. Olóyè ibo ni?"

"Olóyè ìlú òyìnbó," Sàfú dáhùn kí Alájà tó lanu.

"Àwọn náà ń joyè?"

Alájà kò lè gbà kí ará Owódé rò pé òun kò mọ̀. Ó ká aṣọ rẹ̀ kúrò lórí àga, ó ní, "Báwo ni wọ́n á ṣe máa ṣèlú láìsí olóyè?" Lẹ́yìn náà ó wo Sàfú. "Olóyè wo ni? Ògbóni ni, Ológun ni, àbí Pàràkòyí?" Nílẹ̀ Ẹ̀gbá láyé àtijọ́, Ògbóni ló ń dájọ́, Ológun ló ń jagun, Pàràkòyí ló ń tọ́jú ọjà. Alájà kò rò pé ìlú kan lè dúró kí ó má ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Sàfú wo ojú mi. Ìwé kò sọ èyí fún wa. Ó ní, "Àwa ò mọ̀, Alájà. Tísà ló mọ̀ ọ́n."

Alájà mú abọ́ kan tí kò dọ̀tí, ó ń nù ún. "Ẹ sọ fún un kí ó wá sọ fún mi nílé."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi tẹ́ ẹní síwájú yàrá Alájà, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Ó ní àwọn olóyè náà jẹ́ Ògbóni díẹ̀ nítorí wọ́n ń dájọ́, àwọn kan nínú wọn ti bàbá jagunjagun wá, àwọn ẹlòmíràn sì ti ipa òwò débẹ̀. Alájà ń mi orí. Ó ní inú òun dùn pé wọn kò gbàgbé àwọn ọlọ́jà. Lẹ́yìn náà ó béèrè ibi tí wọ́n kọ gbogbo òfin náà sí, iye ìwé tí ó jẹ́.

"Wọn ò kọ ọ́ síbì kan, Alájà. Àwọn díẹ̀díẹ̀ wà nínú ìwé. Èyí tó pọ̀ jù, wọ́n kàn mọ̀ ọ́n ni."

Alájà tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. "Wọn ò kọ ọ́?"

"Wọn ò kọ ọ́."

"Bíi ti ilé yìí?"

Mo rí ojú ìyá mi. Ó dà bí ẹni tó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ láti àárọ̀ tó wá rí i lọ́rùn ara rẹ̀. Ó ní, "Bíi ti ilé yìí gẹ́lẹ́, Alájà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló kọ tiwọn sílẹ̀ látòkèdélẹ̀."

"Nítorí wọn ò fọkàn tán ara wọn," ni Alájà wí, ó sì fi ẹjọ́ Amẹ́ríkà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ayaba wọn ńkọ́?"

"Ọbabìnrin ni, Alájà, kì í ṣe ayaba. Òun fúnra rẹ̀ ló jọba. Ó lọ́kọ, ṣùgbọ́n ọkọ kọ́ ni ọba."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ lọkọ ń tò?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni, ní ìta gbangba."

"Kí Bàbá Gàní má gbọ́ o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Alájà pàápàá, mo sì rò pé wàhálà ti tán. Ìyá mi náà rò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi sọ èyí tó tẹ̀ lé e láìronú. Ó ní ọbabìnrin náà ń jọba, ṣùgbọ́n kò ṣàkóso. Àwọn mínísítà ló ń ṣàkóso, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Tí wọ́n bá gbé òfin wá, kì í kọ̀ ọ́.

Ẹ̀rín kúrò lójú Alájà. "Ìyàwó, ohun tí o fẹ́ fi mí ṣe nínú ilé yìí nìyẹn, tí o bá ti yunifásítì dé?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

Ìyá mi ká ẹní. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí a ń fọ abọ́, Alájà jáde pẹ̀lú ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ rẹ̀, ó jókòó ti kànga, ohun tí kì í ṣe. Ó jẹ ẹ̀kọ kan tán kí ó tó pe ìyá mi.

"Obìnrin yẹn. Ṣé wọ́n máa ń wá sọ fún un, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe?"

"Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, Alájà. Olórí mínísítà á lọ bá a ní ààfin, àwọn méjì péré. Á ro gbogbo rẹ̀ fún un. Òun náà á sọ èrò tirẹ̀."

"Ó ń gbọ́ ọ kí ará ìta tó gbọ́?"

"Ó ń gbọ́ ọ ṣáájú."

Alájà ṣí ewé ẹ̀kọ kejì. "Tí wọ́n bá ń wá sọ fún un, kò burú. Lọ kó ìwé rẹ wálé."

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá mi ti ń lọ jókòó ní yàrá Alájà ní gbogbo ọjọ́ Àlàmísì lẹ́yìn àlásárì, ìlẹ̀kùn á wà ní títì. Á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, Alájà á sọ èrò tirẹ̀. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n ṣe é títí Alájà fi kú, nígbà tí ìyá mi ti di olùkọ́ àgbà, tí àwọn mọ́tò ń dúró dè é níta. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí bí agbára ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìsí ìjà, n kò sì tíì rí èyí tó yé mi tó ti yàrá yẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ìwé padà wálé jẹ́ ti ayọ̀. Ìyá mi kì í rántí ìpele tí òfin ń gbà kọjá, nítorí náà Sàfú ní kí a ṣe òfin kan ní àgbàlá. A pè é ní Òfin Dòdò: pé ọmọ tó bá fọ abọ́ ní Sátidé gbọ́dọ̀ jẹ dòdò ní Sátidé. Sàfú ni Sípíkà, a sì kọ́ pé Sípíkà kì í dá sí àríyànjiyàn, ó kàn ń pariwo "Ẹ dákẹ́!" ni, iṣẹ́ náà sì bá a lára mu. A ka òfin náà lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ìyàwó ilé takò ó nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí yóò lọ sí i, a dìbò, a borí. Ó wá kan Ilé àwọn Olóyè, bàbá mi nìkan ló wà níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Láfẹ́nwá dé, ó sì ń sùn lórí àga. Ìyá mi ní kí a fi í sílẹ̀, bí tiwọn náà ṣe ń ṣe nìyẹn ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá mi kò ṣí ojú. Ó ní, "Mo fọwọ́ sí i, kí wọ́n dín tèmi wá." A gbé e lọ bá Alájà.

"Mo gbà," ni Alájà wí, "ṣùgbọ́n kí ó má ju mẹ́ta-mẹ́ta lọ."

"Alájà, ọbabìnrin kì í fi ṣùgbọ́n sí i."

"Ti Lọ́ńdọ̀nù ni kì í fi sí i."

Ìyá mi jókòó fún ìdánwò náà ní ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú. Nígbà tí ó dé, a bi í ní ohun tí wọ́n béèrè. Ó ní wọ́n béèrè ìdí tí àwọn èèyàn fi ń tẹ̀ lé òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí kóòtù kò sì lè fìyà rẹ̀ jẹ wọ́n. Ó ní gbogbo ohun tí òun ti há sórí láti ọdún mẹ́ta sá lọ. "Ilé wa ni mo kọ. Mo kàn fi orúkọ Lọ́ńdọ̀nù sí i." Nígbà tí èsì dé, a mọ̀ kí ó tó sọ ọ́, nítorí Ìtòkú ló kọ́kọ́ yà kí ó tó wálé, kí Alájà lè gbọ́ ọ ṣáájú bàbá mi. Àwọn méjèèjì jọ rìn wálé, Alájà ń sọ fún ẹni tó bá pàdé pé, "A ti yege." Lálẹ́ ọjọ́ náà ó mú abọ́ kan jáde nínú àpótí, funfun, etí rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, kò ṣẹ́ níbì kankan, ó bu láfún Ìyàwó sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo wa ń wò ó bí ó ti ń jẹ ẹ́.

Èmi àti Sàfúrátù fẹ́ ara wa lẹ́yìn tí a jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òun kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, èmi ṣiṣẹ́ ìjọba. A bí ọmọ mẹ́rin, kò sì sí ìdánwò kan tí wọ́n ṣe tí a kò jọ pín iṣẹ́ náà bí ìyá mi ti pín in fún wa: òun ló ń béèrè, èmi ni mo ń di ìwé mú. N kò bi ọmọ kankan ní ìbéèrè rí. Àbíkẹ́yìn wa, Mùlíkátù, wà ní Mańṣẹ́sítà. Ní ọdún tó kọjá ó ń múra fún ìdánwò tí wọ́n fi ń di ọmọ ìlú lọ́hùn-ún, ìtàn wọn, ìjọba wọn, ìgbé ayé wọn, a sì ń bá a ṣe é lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bí a ti ń ṣe é. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó sún ọjọ́ náà síwájú. Kò lè sún un mọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ó pè mí ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn àdúrà ogójì. Ó béèrè ara mi, ó béèrè oúnjẹ tí mo jẹ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá mi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ẹ má ṣe ìyọnu. Màá kà á fúnra mi."

Mo ní kí ó dúró. Mo wá ìwé náà, mo wá awò ojú mi, mo jókòó.

"Bàbá? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè mélòó ló para pọ̀ di ìjọba kan lọ́hùn-ún?"

"Mẹ́rin, sà."

"Dárúkọ wọn."

Ó dárúkọ wọn. Mo fi ìka tẹ̀ lé e nínú ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ṣi ọ̀kan nínú wọn. Mo ṣí ojú ewé kejì, mo tún béèrè.